Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Èrò Wa Lórí Ẹyọ, Ọ̀pọ̀ àti Ìní Nínú Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Ọmọ Wa

Ní àkókò ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀rọ̀ ògiri, ọ̀rọ̀ òrùlé àti ọ̀rọ̀ kànga ni ó máa ń gba iwájú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kéré sí búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà kan ni, lẹ́tà S ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti àmì kékeré tí a máa ń fi sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn olùkọ́ ń pè ní apostrophe.

Kò sí òbí tí kò tíì gbọ́ ẹ̀sùn náà. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìwòyí ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọn kò sì lè kọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yanjú. Wọ́n ń kọ "three book", wọ́n ń kọ "my father house". Bí a bá sì bá wọn wí títí, wọn a fi S sí ibi tí kò yẹ, wọn a kọ "mens" àti "childrens", wọn a kọ "informations", "furnitures" àti "equipments". Ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ àgbà máa ń ṣe ni pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ náà, tàbí pé èdè Yorùbá ni ó ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Ìgbàgbọ́ wa ni pé Yorùbá kò ba ohunkóhun jẹ́. Yorùbá ni irinṣẹ́ tí ọmọ náà gbé wá láti ilé, tí ilé ẹ̀kọ́ sì ní kí ó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn bàbá wa ti wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọmọ kò bá mọ ohun tí ó wà nínú ilé rẹ̀, ìhòòhò ni yóò jáde sí òde.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun kékeré kò lè fa àdánù. Nínú ìdánwò àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, 50 ni gbogbo máàkì tí ó wà fún àròkọ kan: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún ìlò èdè, àti 10 fún pípéye gírámà, àmì àti sípẹ́lì. Nínú 10 ìkẹyìn yìí, ìdajì máàkì ni olùyẹ̀wò máa ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ogún àṣìṣe péré ti tó láti gbá gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ tí kò bá sì mọ ibi tí S ń gbé yóò rí ogún àṣìṣe kó jọ kí ojú ewé kejì tó kún. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ó ń bẹ níwájú ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀kùn yunifásítì kì í ṣí fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ìdánwò pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé bàbá kan ní kí a bá òun kọ ìwé ìhágún ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ọmọkùnrin mẹ́ta, ó sì fẹ́ kí ilé kan jẹ́ ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí akọ̀wé bá kọ "my sons' house", ilé àwọn ọmọ ni. Bí ó bá kọ "my son's house", ilé ọmọ kan ṣoṣo ni. Lẹ́tà kan kò yí padà, àmì kékeré ni ó sún láti ẹ̀yìn S wá sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀ràn ogún ṣe ń tú ilé ká ní ilẹ̀ Yorùbá yóò mọ̀ pé irú àmì bẹ́ẹ̀ lè gbé ọmọ ìyá mẹ́ta dé kóòtù.

Kí ni ó wá fa àṣìṣe náà? Ẹ jẹ́ kí a wo inú èdè wa. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í pààrọ̀ aṣọ nítorí pé ó di púpọ̀. Ilé kan, ilé méjì, ọgọ́rùn-ún ilé: "ilé" kan náà ni. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni ó ń sọ iye rẹ̀. A lè fi "àwọn" ṣíwájú rẹ̀, a lè fi "wọ̀nyí" tàbí "wọ̀nyẹn" tẹ̀lé e, a lè fi nọ́ńbà kà á, a sì lè ṣe àpètúnpè ẹ̀yán rẹ̀, bí ìgbà tí a bá sọ pé "ilé ńlá ńlá" tàbí "ọmọ kéékèèké". Bí a bá ti fi nọ́ńbà sí i, a kò tún nílò "àwọn". Ẹni tí ó bá sọ pé "ìwé mẹ́ta" ti sọ ohun gbogbo tán. Nítorí náà, ọmọ tí ó kọ "three book" kò hùwà òmùgọ̀. Ó pa òfin mọ́, òfin ìyá rẹ̀ ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un ni pé Gẹ̀ẹ́sì a máa fẹ́ gbọ́ iye lẹ́ẹ̀mejì, lára nọ́ńbà àti lára ọ̀rọ̀-orúkọ fúnra rẹ̀.

Bí a bá sọ èyí fún un ní gbangba, yóò yé e ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn fi bírò pupa fa ilà sí i, tí a sì kọ "plural" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò máa fi S sí ohun gbogbo láti ìgbà náà lọ. Ibẹ̀ ni "mens" àti "childrens" ti ń wá. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "men", "women", "children", "feet", "teeth" àti "oxen" ti di ọ̀pọ̀ tán láì gba S, nítorí pé wọ́n jẹ́ ìyókù ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbà sọ ọ̀rọ̀ di púpọ̀. "Sheep" àti "deer" kì í tilẹ̀ yí padà rárá. Bíi Yorùbá gan-an ni wọ́n ṣe ń ṣe. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ Ìrèsì pé "sheep" dà bí "àgùntàn", tí ẹyọ àti ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀, ti fún un ní ohun tí kò ní gbàgbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti àwọn ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí a kà. Lójú Yorùbá, a lè gba ọmọ ní ìmọ̀ràn mẹ́ta. A lè gbọ́ ìròyìn méjì kí ilẹ̀ tó ṣú. A lè kó ẹrù márùn-ún wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, "advice", "news", "luggage", "furniture", "equipment" àti "information" jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ aláìṣeékà, bí omi àti iyanrìn ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wò wọ́n. A kì í kà wọ́n, àfi kí a fi ohun mìíràn wọ̀n wọ́n, bí a ṣe ń sọ pé "a piece of advice" tàbí "an item of news". Ní òdì kejì, sòkòtò kan ṣoṣo lójú Yorùbá jẹ́ ọ̀pọ̀ lójú Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í sọ pé "a trouser". "Trousers" ni, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni "scissors", bẹ́ẹ̀ sì ni "glasses" tí a ń lò sí ojú. Èdè méjèèjì ń wo ayé kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò kà á bákan náà. Ọmọ tí kò bá mọ bí tirẹ̀ ṣe ń kà á kò lè mọ ibi tí tẹlòmíràn ti yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ ìní. Yorùbá a máa kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí a ní, kí ó tó dárúkọ ẹni tí ó ni ín: "ilé bàbá mi". Gẹ̀ẹ́sì a máa yí i padà, a fi ẹni ṣíwájú ohun, a sì so S àti àmì mọ́ ẹni náà: "my father's house". Ọmọ tí ó kọ "my father house" ti ṣe iṣẹ́ ńlá tí a kò yìn ín fún, nítorí pé ó ti rántí yí ọ̀rọ̀ náà po. Àmì nìkan ni ó kù. Gẹ̀ẹ́sì tún ní ọ̀nà kejì, èyí tí ó tọ ipasẹ̀ Yorùbá gan-an: "the house of God", ilé Ọlọ́run, "the roof of the house", òrùlé ilé náà. Ó yẹ kí ọmọ wa mọ èyí, pé ọ̀nà kan wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí kò ṣe àjèjì sí i.

Àmì náà fúnra rẹ̀ kò dàgbà tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi "es" parí ọ̀rọ̀ láti fi ìní hàn. Nígbà tí ó yá, àwọn kan rò pé "his" ni ó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ ohun tí ó dà bíi "the king his house", bí ìgbà tí àwa bá sọ pé "ọba, ilé rẹ̀". Irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti 1662. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni apostrophe dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé Gẹ̀ẹ́sì láti ilẹ̀ Faransé, láti fi hàn pé lẹ́tà kan ti jábọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di àmì ìní, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò lórí ibi tí yóò wà fún ọ̀pọ̀. Bí àwọn tí wọ́n ni èdè bá fi ọdún gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ṣe àríyànjiyàn lórí rẹ̀, kí ni ó dé tí a fi ń fi ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣe yẹ̀yẹ́?

Ohun tí ó tún yà wá lẹ́nu ni pé Yorùbá pàápàá ní àmì ìní tirẹ̀, ẹnu ni a fi ń sọ ọ́, a kì í sábà kọ ọ́. Ẹ pe "ilé Dáfídì" sókè kí ẹ fetí sí ẹnu yín. Ohun tí ẹ pè ni "ilé-e Dáfídì". Ẹ pe "ọmọ Délé", ẹ ó gbọ́ "ọmọ-ọ Délé". Nígbà tí orúkọ ẹni tí ó ni nǹkan bá fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀, fáwẹ́lì tí ó parí orúkọ ohun náà a máa gùn sí i díẹ̀, ní ohùn àárín. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ń ṣe é láti kékeré láì sí ẹni tí ó kọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì fi àmì tirẹ̀ sára ẹni tí ó ni nǹkan. Yorùbá fi tirẹ̀ sára ohun tí a ní. Bí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí, ọmọ yóò mọ̀ pé ìní ní àmì nínú èdè méjèèjì, yóò sì máa wá ti Gẹ̀ẹ́sì kiri fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó dára jù tí a ní rèé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: "boys", "boy's", "boys'". Bákan náà ni wọ́n ń dún. Etí kò lè yà wọ́n, ojú nìkan ni ó lè ṣe é, ìyẹn ni ó fi ń da ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá láàmú. Ṣùgbọ́n ẹ túmọ̀ wọn sí Yorùbá, wọn yóò sì yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "àwọn ọmọkùnrin", "ti ọmọkùnrin náà", "ti àwọn ọmọkùnrin náà". Òfin tí a lè fà yọ nínú èyí kò ju gbólóhùn kan lọ. Bí "àwọn" bá ṣíwájú ẹni tí ó ni nǹkan ní Yorùbá, fi àmì sí ẹ̀yìn S. Bí "àwọn" kò bá sí níbẹ̀, fi àmì sí iwájú S. Àwọn bíi "men", "women" àti "children", tí wọ́n ti di ọ̀pọ̀ láì gba S, ni ó yàtọ̀. Àmì ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀lé wọn, kí S tó dé: "children's".

Ẹ fi òfin yìí wo àwọn orúkọ tí gbogbo wa mọ̀. King's College ti Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1909: ọba kan ni, àmì wà níwájú S. Baptist Boys' High School ti Abẹ́òkúta, tí a dá sílẹ̀ ní 1923: ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin ni, àmì wà lẹ́yìn S. Mothers' Union, tí Mary Sumner bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876: ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni, ẹ̀yìn S ni àmì wà. All Saints' Church: ti gbogbo àwọn ènìyàn mímọ́, ẹ̀yìn S. St. Stephen's: Stéfánù kan ṣoṣo ni, iwájú S. Anna Jarvis, ẹni tí ó jà títí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ya Ọjọ́ Ìyá sọ́tọ̀ ní 1914, tẹnu mọ́ ọn pé "Mother's Day" ni kí a kọ ọ́, kí àmì wà níwájú S, nítorí pé ìyá tirẹ̀ ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bu ọlá fún. Ẹ rí i pé ẹ̀kọ́ odidi kan wà nínú àmì náà.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà, ó sì ti inú ìwà ọmọlúàbí wá. Yorùbá a máa fi ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. A ń sọ pé "àwọn bàbá mi ti dé, wọ́n wà nínú ilé", bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ni ó dé. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ irú ọ̀wọ̀ yìí. Nítorí náà, kí ọmọ tó fi òfin náà ṣiṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá "àwọn" ti iye ni tàbí "àwọn" ti ọ̀wọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀wọ̀, "my father's" ni yóò kọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ní ọ̀wọ̀ nílé kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nítorí pé àlùfáà ni wá, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí dé inú Ìwé Mímọ́. Àwọn tí wọ́n kọ́ èdè Hébérù ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà mọ̀ pé ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ti ìní, ọ̀nà Yorùbá ni Hébérù gbà. Bẹ́tẹ́lì: "bet" ni ilé, "el" ni Ọlọ́run; ilé Ọlọ́run. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù: ilé oúnjẹ. Bẹ́ńjámínì: ọmọ ọwọ́ ọ̀tún. Ohun tí a ní ni ó ṣíwájú, ẹni tí ó ni ín ni ó tẹ̀lé e, kò sí "ti" láàárín wọn. Ara ohun tí a ní sì ni ìyípadà ti ń wáyé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú "ilé-e Dáfídì": "bayit" ni ilé bí ó bá dá dúró, ṣùgbọ́n ó di "bet" nígbà tí ó bá ní olówó. Ọ̀rọ̀ tí Hébérù fi ń pe Ọlọ́run, "Elohim", ní ìrísí ọ̀pọ̀, síbẹ̀ ó ń bá ọ̀rọ̀-ìṣe ẹyọ rìn. Ọmọ Yorùbá tí ó ti ń sọ pé "àwọn bàbá" fún ẹnì kan kì í ya ẹnu sí èyí. Nínú Gálátíà 3:16 ẹ̀wẹ̀, Pọ́ọ̀lù Mímọ́ gbé odidi ẹ̀kọ́ nípa ìlérí fún Ábúráhámù ka orí òtítọ́ yìí pé ọ̀rọ̀-orúkọ kan wà ní ẹyọ, kò sí ní ọ̀pọ̀: irú-ọmọ kan, èyí tí í ṣe Kristi. Bí àpọ́sítélì bá lè fi ẹyọ àti ọ̀pọ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàlà, kò yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni fi ojú tín-ín-rín wò ó.

Ìdí tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí nísinsìnyí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni pé àwọn tí a fi èdè abínibí kọ́ ń kùnà nínú WAEC, NECO àti JAMB. A bọ̀wọ̀ fún ìjọba, a sì mọ̀ pé àníyàn náà kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bèèrè bóyá ibi tí ìkùnà wà ni èdè abínibí ti jẹ̀bi, tàbí pé àwọn olùkọ́ àti ìwé ni kò tó.

Nítorí pé a ti dán an wò rí lọ́nà tí ó tọ́, ní tòsí wa níbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ẹgbẹ́ wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí a wọ̀n wọ́n, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kàwé ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ mìíràn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọ̀rọ̀ tó di ti Ifẹ̀ pàápàá, ẹ rántí Ajayi Crowther. Ọmọ tí a kó lẹ́rú, tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Freetown lẹ́yìn tí a gbà á sílẹ̀ ní 1822, ni ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá jáde ní London ní 1843. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òye tí ó ní nípa bí èdè ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò dí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́.

A mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò kọ̀ jálẹ̀. Wọn yóò sọ pé ayé ti di ti Gẹ̀ẹ́sì, pé ọmọ àwọn ni yóò jìyà bí àwọn bá fi àkókò ṣòfò lórí Yorùbá. Ẹ̀rù wọn kò burú, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni owó iṣẹ́ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tí a kò fi Yorùbá sọ̀rọ̀ sí nílé rárá, tí Gẹ̀ẹ́sì tí ó sì ń gbọ́ kì í ṣe èyí tí ó pé. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní òṣùwọ̀n kankan lọ́wọ́. Bí a bá ní kí ó fi "àwọn" wá ibi tí àmì ń gbé, kò mọ "àwọn". Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọ̀nà tí a là sílẹ̀ yìí kò lè rọ́pò ìwé kíkà. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò bá ka ìwé púpọ̀ kò ní kọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ òkùnkùn.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti olùkọ́ Yorùbá jókòó pọ̀ kí táàmù kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ JSS1 ní ọ̀rọ̀-orúkọ èdè méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ìkan máa túmọ̀ èkejì. Èkejì, kí a fi òpin sí owó ìtanràn àti yẹ̀yẹ́ lórí èdè abínibí ní ibikíbi tí wọ́n bá ṣì wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìgbà èwe wa, pátákó ni a ń gbé kọ́ ọrùn ẹni tí ó bá sọ Yorùbá, kò sì sí ẹni tí pátákó náà kọ́ ní apostrophe. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin òbí máa ka ẹsẹ Bíbélì kan ní alẹ́ pẹ̀lú ọmọ yín ní èdè méjèèjì, kí ẹ sì bi í pé, "Ta ni ó ni kí ni, mélòó sì ni wọ́n?" Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí ẹ ti ń ṣètò ọ̀dà àti páànù, ẹ má ṣe gbàgbé ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì fún ilé ìkàwé, àti ẹ̀bùn ọdọọdún fún ọmọ tí ó bá mọ ìtumọ̀ ṣe jù.

Ọmọ tí ó ń ti ilé jáde ní òwúrọ̀ ní Ìrèsì, tí ó ti fi ohùn Ìgbómìnà kí ìyá àti bàbá rẹ̀ kí ó tó gbé báàgì kọ́ èjìká, kì í ṣe òfìfo. Ó ti mọ ẹyọ, ó ti mọ ọ̀pọ̀, ó ti mọ ẹni tí ó ni nǹkan àti ohun tí ó ní, ó sì mọ ìgbà tí "àwọn" jẹ́ iye àti ìgbà tí ó jẹ́ ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ni láti gba ohun tí ó gbé wá lọ́wọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, kí a sì fi kún un. Kí Ọlọ́run tí ó fún àwọn àpọ́sítélì ní èdè púpọ̀ ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì bùkún àwọn olùkọ́ wa, kí ó la orí àwọn ọmọ wa, kí ó sì jẹ́ kí ọjọ́ ayẹyẹ yìí ṣe ojú wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmín.